Wọ́n kọ "Americium 241" sára nǹkan tí mo rí nínú ẹrù venu de France, ṣé ewu wà níbẹ̀?

Àtúnṣe_Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì kó dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń tún rédíò, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà Wàndó níbí ní Àjàṣẹ́, ẹrù venu de France, àwọn àlòkù tó ń ti òkè òkun wá, la sì ń rà jù, tí kọ̀ǹténà bá ti dé Kútọnu a máa lọ ṣà níbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé èèyàn lè ra páálí kan kó má mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àfi tó bá délé. Nísàlẹ̀ ọ̀kan báyìí la ti rí àwọn nǹkan funfun roboto kan, mo mọ̀ ọ́n, èyí tí àwọn òyìnbó máa ń kàn mọ́ àjà ilé ni, tó máa ń ké tí èéfín bá wọlé. Kí n tó yíjú padà ọmọ iṣẹ́ mi ti tú ọ̀kan. Ló bá pè mí pé ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan. Agolo irin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, àmì ewu yẹn wà níbẹ̀, èyí tó ní apá mẹ́ta, wọ́n wá kọ Americium 241, 37 kBq sábẹ́ rẹ̀.

Mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà tún wá rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ilé àìmọye èèyàn ló wà. Ẹlòmíì ní ìran bọ́ǹbù ni, pé òun pẹ̀lú uranium àti plutonium, ẹbí kan náà ni wọ́n. Èwo ni ká gbà níbẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ mi ti fọwọ́ kàn án, ọmọbìnrin mi kékeré náà máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó bá ti iléèwé dé. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ kí n dáná sun ún lẹ́yìnkùlé kó lè tán pátápátá, ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Kí ni americium yìí gan-an, kí ló sì dé tí wọ́n á fi nǹkan tó ní àmì ewu sínú ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sí yàrá tí ọmọ ń sùn?

Prof_PCT_Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì bá mi kí ìyàwó yín, ọgbọ́n ńlá ló dá. Ẹ má dáná sun ún o! PCT, ìyẹn físíìsì àti kẹ́mísìrì, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Kétu, ọ̀rọ̀ ẹrù àlòkù yìí sì ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan ọmọ. Ẹni tó kàn fọwọ́ kan agolo yẹn lóde, tí kò há a, tí kò lù ú, tí kò fi sẹ́nu, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Kó fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, ó tán. Àmọ́ iná ò lè pa ìtànṣán, ẹ gbọ́ mi. Ohun tó ń mú kí americium máa tan ìtànṣán wà ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù rẹ̀, bí iná ti wù kó gbóná tó, kò dé ibẹ̀. Ike ara rẹ̀ ló máa jó, americium á kù sínú eérú, atẹ́gùn á gbé eérú, ẹ̀yin àti aládùúgbò á wá fà á símú, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà.

Oríṣi ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ jù ni wọ́n ń pè ní alfa. Alfa wúwo, ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ló ń rìn nínú afẹ́fẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, bébà kan ṣoṣo tó láti dá a dúró, awọ ara wa lókè náà tó. Tó bá ti wà lóde ara, kò ríbi wọlé. Àmọ́ tó bá di eruku, tí èèyàn fà á sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí tó gbé e mì, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti ẹran ara mọ́. Inú egungun àti ẹ̀dọ̀ ni americium máa ń lọ jókòó sí, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń lò níbẹ̀. Gamma díẹ̀ náà ń jáde lára rẹ̀, ìyẹn lè gba ara agolo kọjá, ṣùgbọ́n gamma rẹ̀ ò le, èyí tó sì wà nínú ẹ̀rọ kan kò tó nǹkan.

37 kBq tẹ́ ẹ rí yẹn, átọ́ọ̀mù 37,000 ló ń fọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó dún létí bí nǹkan ńlá, àmọ́ gbogbo americium tó wà níbẹ̀ kò ju bíi 0.3 míkírógíráàmù lọ, ojú lásán ò lè rí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín góòlù àti fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má bàa bọ́ dànù. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Irin pẹlẹbẹ méjì wà nínú agolo yẹn, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, alfa á máa lu afẹ́fẹ́ yẹn títí á fi di ohun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, iná kékeré kan á wá máa sáré láti ibì kan dé èkejì. Tí èéfín bá wọlé, á dí iná yẹn lọ́wọ́, iná á dín kù, ẹ̀rọ á mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni nǹkan kékeré yìí ti gbà lóru níbi tí wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe ìkà ló mú wọn gbé e sí yàrá ọmọ. Ọdún 432 ló máa gbà kí ìdajì rẹ̀ tó tán, torí náà bó ti wù kí èyí tẹ́ ẹ rí gbó tó, ẹ má rò pé agbára rẹ̀ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹbí wá kù. Òótọ́ lẹni yẹn sọ, ó kàn sọ ọ́ lọ́nà tó ń dẹ́rù bani ni. Élémẹ́ǹtì 15 ni wọ́n, láti actinium tó jẹ́ nọ́ńbà 89 dé lawrencium tó jẹ́ 103, actinide là ń pe gbogbo wọn, àwọn ló wà ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ tábìlì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Irin ni wọ́n, àwọ̀ fàdákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ní tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, kó tó di pé afẹ́fẹ́ sọ ọ́ di dúdú. Kò sí ọ̀kan tí kì í tan ìtànṣán nínú wọn. Thorium àti uranium nìkan ni ilẹ̀ ní lọ́pọ̀, actinium àti protactinium kàn ń yọ díẹ̀díẹ̀ nídìí uranium bó ṣe ń fọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù, èèyàn ló ń ṣe wọ́n. Glenn Seaborg, ará Amẹ́ríkà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe americium ní 1944, wọ́n ti ṣe plutonium ṣáájú. Einsteinium àti fermium ní tiwọn, inú ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn bọ́ǹbù háídírójìn tí Amẹ́ríkà yìn ní òkun Pàsífíìkì ní 1952 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ò ní kí ìwà wọn bára mu. Thorium, ìdajì rẹ̀ á gba ọdún tó tó bílíọ̀nù 14 kó tó tán. Nobelium tó wà lápá ìparí, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni. Èyí tó ń pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń tan ìtànṣán. Èyí tó ń yára tán, òun ló ń gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan léwu, ohun mẹ́ta ni kó béèrè: èwo ni, ó tó báwo, ṣé ó lè wọnú ara? Orúkọ nìkan ò tó.

Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú garawa tó ní ìdérí, pẹ̀lú èyí tó ti tú, ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sí ibi tọ́wọ́ ọmọ ò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní àwọn tó ń bójú tó irú nǹkan báyìí, wọ́n á sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó bá irin àlòkù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ alumíníọ́ọ̀mù fi rọ ìkòkò.

Awakọ̀_Sábẹ̀ẹ́

Prof, ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé síbí. Kámíọ̀ ni mò ń wà, ilé mi wà ní Sábẹ̀ẹ́. Ọ̀nà Parakou sí Kútọnu tó gba ìlú wa kọjá yẹn, ibẹ̀ ni uranium tí wọ́n ń wà ní Arlit ní Niger ń gbà lọ sí èbúté, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọjá, gbogbo wa tó ń rin ọ̀nà yẹn la mọ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti ibodè ní 2023 lẹ́yìn tí àwọn ṣójà gbàjọba ní Niamey ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ká ní ọ̀kan nínú kámíọ̀ yẹn dànù sí ojúu títì nígbà náà, tàbí tí ibodè bá tún ṣí lọ́la tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìlú? Àwọn kan ní gbogbo Sábẹ̀ẹ́ máa fò lọ. Àwọn kan ní ẹni tó bá pàdé kámíọ̀ yẹn lójú ọ̀nà lásán kò ní bímọ mọ́, ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kó fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan tún sọ pé inú àwọn òkè àpáta Sábẹ̀ẹ́ gan-an ni uranium wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa bẹ́ ẹ ṣe là á fún ẹ̀gbọ́n Wàndó.

Prof_PCT_Kétu

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, bàbá. Sábẹ̀ẹ́ ò ní fò lọ. Ohun tó wà nínú kámíọ̀ yẹn, lẹ́búlẹ́bú ni, yellowcake ni wọ́n ń pè é: wọ́n á lọ òkúta kúnná, wọ́n á fi ásíìdì yọ uranium inú rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù irin, wọ́n á dé e pa. Nínú 1,000 átọ́ọ̀mù uranium tó bá tinú ilẹ̀ wá, 993 ló jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní uranium 238, bíi 7 péré ló jẹ́ oríṣi kejì, uranium 235, uranium 235 yìí sì ni àwọn tó ń wá iná tàbí bọ́ǹbù ń wá. Òun ló máa ń là sí méjì tí neutron, ìyẹn ẹyọ kékeré kan tó ń ti àárín átọ́ọ̀mù jáde, bá kọlù ú, tó ń tú ooru àti neutron míì jáde, tí neutron yẹn náà á tún lọ la òmíì. 7 nínú 1,000 kéré jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ iná núkílíà ń fẹ́ kó tó 3 sí 5 nínú 100, ti bọ́ǹbù máa ń tó 90 nínú 100, ìlú tó lè ṣe ìyẹn ò pọ̀ láyé. Dúrọ́ọ̀mù Arlit ò lè bú gbàmù láéláé, ì báà jẹ́ kámíọ̀ ogún ló kọlu ara wọn. Ẹni tó sì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tó kọjá lọ, kò sóhun tó ṣe é, ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín. Ìdajì uranium 238 á gba bílíọ̀nù 4.5 ọdún kó tó tán, ẹ ti rí i pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń tan ìtànṣán.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni eruku rẹ̀. Uranium ń pa kíndìnrín lára tó bá wọnú ara, yàtọ̀ sí ti ìtànṣán rárá o, bí òjé ṣe ń ṣe ló ń ṣe. Tó bá dànù, kí èèyàn kúrò níbẹ̀, kó dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kó má gbá a, kó má fọwọ́ kó o, kó pe ọlọ́pàá. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé dúrọ́ọ̀mù òfìfo rẹ̀ lọ sílé lọ fi pọnmi. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo mọ bí dúrọ́ọ̀mù ṣe níye lórí tó lọ́dọ̀ wa.

Àwọn tó ń ṣe mí láàánú jù ni àwọn tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń wà á. Uranium kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, á di thorium, á di radium, á di gáàsì radon tí èèyàn ń fà símú, á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi di òjé. Tí wọ́n bá ti yọ uranium inú òkúta tán, radium ò bá a lọ, inú òkúta lílọ̀ tí wọ́n kó dà nù ló kù sí, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán náà wà. Wọ́n ti ilé ìwakùsà kan pa nítòsí Arlit ní 2021. Òkìtì rẹ̀ ò bá wọn lọ, ibẹ̀ ló wà títí di òní, nínú aṣálẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ kì í sinmi. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tan iná núkílíà ní Yúróòpù mọ̀ ọ́n.

Ti òkè Sábẹ̀ẹ́: gíránáìtì ni, gíránáìtì gbogbo ayé ló sì ní uranium àti thorium díẹ̀ nínú, gíráàmù mélòó kan nínú tọ́ọ̀nù kan, kò pọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa tìtorí rẹ̀ gbé katapílà wá. Ẹ máa gun òkè yín lọ.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹlẹ̀, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní 1972 àwọn Faransé rí i pé uranium tó ń ti Oklo ní Gabon wá, 235 inú rẹ̀ kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Ta ló jí i? Kò sẹ́ni tó jí i. Wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lò ó. 235 ṣì tó bíi 3 nínú 100 nígbà yẹn, omi abẹ́ ilẹ̀ ń dín eré neutron kù kó lè ráyè kọlu átọ́ọ̀mù, tí ooru bá wá pọ̀ jù omi á gbẹ, iṣẹ́ á dúró, tí omi bá padà á tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún láìsí ẹ́ńjíníà kankan níbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú iléeṣẹ́ iná báyìí. Kílò kan uranium 235 tó bá là tán, ooru rẹ̀ tó ti èédú abẹ́ ilẹ̀ bíi tọ́ọ̀nù 3,000. Iléeṣẹ́ Koeberg ní South Africa ń fi ṣe iná láti 1984, Íjíbítì náà ń kọ́ tiẹ̀ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́

Ẹ kú àtẹnumọ́ o, Prof. Ọ̀gá Wàndó, Àjàṣẹ́ ni èmi náà wà, ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun ní ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra irin àlòkù ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò egungun kò ní actinide nínú, kò ní nǹkan kan tó ń tan ìtànṣán fúnra rẹ̀, iná mànàmáná ló ń lò, tẹ́ ẹ bá ti pa á, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ láyé àtijọ́, ìtànṣán tinú rẹ̀ kì í kú, kódà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára iná. Ní 1987 ní ìlú Goiânia ní Brazil, ọsibítù kan kó lọ, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣa irin wọlé lọ tú u, wọ́n tà á fún oníṣòwò irin, ìyẹn ṣí i, ó rí lẹ́búlẹ́bú kan tó ń tàn aláwọ̀ búlúù lálẹ́, ó pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá wò ó, àwọn kan fi ra ara. Èèyàn mẹ́rin kú, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan wà nínú wọn, ó lé ní 200 èèyàn tí nǹkan náà kàn lára. Cesium 137 ni, kì í ṣe ara ẹbí tí Prof ń sọ, àmọ́ ẹni tó ń fi háámà ṣí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ò lè fojú mọ ìyàtọ̀. Àmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn nìkan lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá rí i lára irin tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ jáde, ẹ pe èèyàn.

Ẹbí yìí náà tún wá ní oore tó ń ṣe o, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù nìkan kù lọ́kàn yín. Actinium tó ṣáájú gbogbo wọn ní ìlà tábìlì yẹn, André Debierne ló rí i ní Paris ní 1899, inú irú òkúta uranium kan náà tí Marie àti Pierre Curie ti yọ radium. Oríṣi rẹ̀ kan, actinium 225, ìdajì rẹ̀ ń tán láàárín bíi ọjọ́ 10. Wọ́n á so ó mọ́ oògùn kan tó mọ bó ṣe ń wá jẹjẹrẹ próstéètì rí níbi yòówù tó bá sá sí nínú ara, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, tó bá dé ibẹ̀, alfa tí Prof sọ yẹn, tí kì í rìn jìnnà, á pa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tó sọ ọ́ di ewu nínú eruku ló sọ ọ́ di oògùn níbẹ̀. Wọ́n ti ń fi tọ́jú èèyàn ní Pretoria ní South Africa. Ó ṣọ̀wọ́n, ó wọ́n lówó, a ò tíì ní i níbí, ó wù mí kí n rí i lọ́dọ̀ wa kí n tó fẹ̀yìn tì.

Àgbà_Ìlú_Kétu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, láìsí iná SBEE, Petromax la fi ń ná ọjà alẹ́, èmi gan-an ta mánṣọ́ọ̀ rẹ̀, àpò òwú kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn tó ń tàn funfun báláú yẹn. Ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé nǹkan yẹn náà ń tan ìtànṣán. Ṣé òótọ́ ni, Prof?

Prof_PCT_Kétu

Òótọ́ ni, bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Thorium ni. Carl Auer von Welsbach ará Austria ló gbé e jáde ní 1891, òwú tí wọ́n rẹ sínú èròjà thorium bíi 99 nínú 100, pẹ̀lú cerium 1. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan án, òwú á jó dànù, thorium tó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn á kù, ó máa gbóná títí kò ní yọ́, torí ó lé ní 3,000 dígírì kó tó yọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà. Eérú tó ń já bọ́ tí mánṣọ́ọ̀ bá ti gbó nìkan ni kò yẹ kí èèyàn máa fẹnu fẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí, yttrium ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ_Títì

Ẹ̀gbọ́n Wàndó, mo ń ṣiṣẹ́ ní lábọ̀ (ilé àyẹ̀wò) kan tó ń yẹ títì wò, ẹ jẹ́ n kìlọ̀ kan fún yín torí americium náà ni. Tí wọ́n bá ti tẹ́ látíráìtì tán, a máa ń gbé àpótí kan sórí rẹ̀, ó ní ọwọ́ irin gígùn tí à ń tì bọ ilẹ̀, òun ló ń sọ fún wa bóyá ilẹ̀ le tó àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Cesium wà lórí irin yẹn, americium tí wọ́n pò mọ́ beryllium sì wà nínú àpótí: alfa á lu beryllium, neutron á jáde, háídírójìn inú omi á dín eré neutron yẹn kù, ẹ̀rọ á ka iye tó padà wá. Americium tó wà nínú ọ̀kan tí wọ́n ń lò káàkiri jẹ́ 1.48 GBq, ìyẹn 1,480,000 kBq, ẹ fi 37 kBq yín pín in, ẹ máa rí i pé ó tó irú tiyín 40,000. A kì í fi sílẹ̀ lójú kan, a ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, a ní ìwé tiẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá tà fún yín, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ló ní kẹ́ ẹ mú un, ẹ má rà á, ẹ má gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ pè.

Àtúnṣe_Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú garawa, mo ti dé e, mo ti kọ ọ́ sára rẹ̀ ní Faransé àti Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ mi ti fọwọ́, èmi náà ti fọwọ́. Lọ́la mo máa lọ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìbéèrè kan ló kù, Prof, torí iṣẹ́ mi ni bátìrì: mo kà á pé wọ́n ń fi ẹbí yìí ṣe bátìrì ọkọ̀ tó lọ sí ojú ọ̀run, ṣé òótọ́ ni? Nọ́ọ̀sì, ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti tú u ńkọ́, ṣé kí n gbá a?

Prof_PCT_Kétu

Òótọ́ pọ́ńbélé. Plutonium 238 ni, kì í ṣe 239 tí wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù Nagasaki. Ìdajì 238 ń tán ní bíi ọdún 88, ìyẹn ló jẹ́ kó máa gbóná fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, wọ́n á wá so irin oríṣi méjì pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan níbi gbígbóná, ẹ̀gbẹ́ kan níbi tútù, iná á jáde láìsí nǹkan kan tó ń yí. Ọkọ̀ ojú ọ̀run Voyager méjèèjì tó gbéra ní 1977 ṣì ń fi iná rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ti kọjá gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ Perseverance tó wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní 4.8 kílò rẹ̀, iná tó ń ti ibẹ̀ wá kò ju bíi 110 wáàtì lọ nígbà tó gbéra. Ní Paris ní 1970 wọ́n tiẹ̀ fi irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn èèyàn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́

Ẹ má gbá a, ọ̀gá. Tí agolo inú yẹn ò bá tíì ṣí, kò sí nǹkan tó dà nù, àmọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu orí tábìlì àti ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di aṣọ náà sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ sọ ọ́ sínú garawa kan náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ pẹ̀lú ìyókù lọ́la.